Iṣẹ́ Ni, Àbí Ìtìjú?

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Kútọnu, ní Accra, àti ẹ̀yin tí ẹ ti ré kọjá òkun, mo ń kọ̀wé yìí sí yín láti Ògbòòró ní Òkè-Ògùn. Ọyẹ́ tọdún yìí ti wọlé sọ́dọ̀ wa. Eruku ti bo ewé ẹ̀mì, ètè gbogbo wa ti ń là, iná ìgbẹ́ sì ti ń jó lọ́nà oko. Wọ́n ti ń sá èlùbọ́ lórí àpáta. Àkókò tí ìyá kan yóò gbọ́ ìró ọkọ̀ lójú títì, tí yóò fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, tí yóò yọjú wòde ni a wà yìí.

Nítorí àwọn ìyá yẹn ni mo ṣe mú gègé. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní wá sílé lọ́dún yìí, mi ò sì bínú sí gbogbo yín. Iṣẹ́ ló dá àwọn kan dúró, ìtìjú ló dá àwọn mìíràn dúró, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì máa ń sọ lórí fóònù: “Ẹ má bínú, Ìyá, iṣẹ́ ò jẹ́ kí n wá.” Mo fẹ́ kí á jọ ya méjèèjì sọ́tọ̀ lónìí, nítorí ẹni tí iṣẹ́ dá dúró lè fọkàn balẹ̀ ṣe ọdún níbi tó wà, ẹni tí ìtìjú dá dúró kò ní ìsinmi nílé, kò ní in lẹ́yìn odi.

Àpẹẹrẹ àwọn tí iṣẹ́ dá dúró tí mo fẹ́ mú wá kò ti inú ìjọ wa wá. Onítẹ̀bọmi ni mí, ẹ sì mọ̀ pé inú rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ni àwọn tí ayé ń pè ní Mọ́mọ́nì, tí orúkọ ìjọ wọn gan-an ń jẹ́ Ìjọ ti Jésù Krístì ti àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹhìn. Ohun púpọ̀ wà nínú ẹ̀kọ́ wọn tí èmi kò gbà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá hu ìwà tó yẹ kí ọmọ rí kọ́, àgbà kì í bi í léèrè ibi tó ti ń jọ́sìn kó tó tọ́ka sí i.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1978, tọkọtaya méjì láti ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà wọ Nàìjíríà. Rendell Mabey àti Rachel ìyàwó rẹ̀ ni ìkíní, Edwin Cannon àti Janath ìyàwó rẹ̀ sì ni ìkejì. Ẹ má rò pé ọ̀dọ́ tí ń wá iṣẹ́ kiri ni wọ́n. Mabey ti pé ẹni 70 ọdún. Agbẹjọ́rò ni, ó ti ṣe olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Utah rí, ó sì ti ṣe alábòójútó iṣẹ́ ìránṣẹ́ ìjọ rẹ̀ ní Switzerland. Cannon náà ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Switzerland kan náà. Janath ìyàwó Cannon wà lára àwọn aṣáájú tí ń darí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wọn ní gbogbo àgbáyé. Ńṣe ni wọ́n tú u sílẹ̀ níbẹ̀ kó lè bá ọkọ rẹ̀ wá. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ṣiṣẹ́ ìgbésí ayé wọn. Bí wọ́n bá jókòó ti àwọn ọmọ-ọmọ wọn ní Utah, tí wọ́n ń wo yìnyín lójú fèrèsé, kò sẹ́ni tí ì bá bú wọn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ apá tí kò dùn nínú ìtàn náà, nítorí àgbà tó bá fi apá kan ìtàn pamọ́ ń tan ọmọ jẹ ni. Láti ọdún 1852 ni àwọn aṣáájú ìjọ yìí ti kéde pé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ gba oyè àlùfáà láàárín wọn. Oyè tí ọmọkùnrin aláwọ̀ funfun tó jẹ́ ọmọ ọdún 12 lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbà, baba ọmọ tó dúdú bíi tiwa, tó ti hu ewú, kò lè gbà á. Ọdún 126 ni ọ̀rọ̀ náà fi wà bẹ́ẹ̀. Oṣù Kẹfà ọdún 1978 ni Spencer Kimball, ààrẹ ìjọ wọn nígbà náà, tó kéde pé òfin yẹn ti dópin. Oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tọkọtaya yìí dé ọ̀dọ̀ wa. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé olóore tó wá ṣàánú ni wọ́n. Ẹni tó jẹ gbèsè tó sì pẹ́ kó tó dé ni wọ́n, mo sì gbà gbọ́ pé àwọn fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi sọ pé wọ́n pẹ́ ni pé àwọn tó ń dúró dè wọ́n ti dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí òfin yẹn ṣì wà, lẹ́tà ń ti Nàìjíríà àti Ghana lọ sí olú-ilé ìjọ wọn ní Salt Lake City. Olùkọ́ ilé-ìwé kan wà ní ilẹ̀ Mbaise, ní Imo, Anthony Obinna lorúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1965 ó rí ilé gíga kan lójú àlá. Nígbà tó yá ló ṣí ìwé ìròyìn Reader's Digest kan tó ti gbó, ó sì rí àwòrán ilé náà níbẹ̀: tẹ́ḿpìlì àwọn Mọ́mọ́nì ní Salt Lake City ni. Ó kọ̀wé sí wọn, ó tún kọ òmíràn. Ní Ghana, Joseph William Billy Johnson ti ń kó ìjọ jọ ní Cape Coast láti ọdún 1964 láìsí aláwọ̀ funfun kan tó rán an. Nígbà tí Mabey àti Cannon dé, wọn kò ní láti wá èèyàn kiri. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá, ní odò kan tí wọ́n ń pè ní Ekeonumiri, wọ́n ri èèyàn 19 bọmi. Obinna ni ẹni àkọ́kọ́. Wọ́n fi Fidelia ìyàwó rẹ̀ ṣe olórí àwọn obìnrin. Kí oṣù Kejìlá tó dé ìdajì, wọ́n ti wà ní Cape Coast, wọ́n ń ri Johnson àti àwọn èèyàn rẹ̀ bọmi.

Lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni Kérésìmesì bá wọn. Oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n tíì lò lẹ́yìn ìrìbọmi àkọ́kọ́. Ẹ rántí pé kò sí fóònù àpò nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ bá ará Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ láti Nàìjíríà ní ọdún 1978, ó ní láti lọ dúró ní ọ́fíìsì tẹlifóònù, kó sì máa gbàdúrà kí wáyà gbé ohùn. Lẹ́tà a máa lo ọ̀sẹ̀ lọ́nà. Iná mànàmáná ń ṣe ségesège bó ṣe ń ṣe lónìí. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn wà lọ́nà jíjìn, àwọn baba àti ìyá àgbà yìí sì wà lábẹ́ ọyẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láàárín àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ wọn. Wọn kò kó ẹrù padà. Ọdún kan gbáko ni wọ́n lò. Nígbà tí wọ́n fi máa lọ, àwọn tí wọ́n ti rì bọmi ní Nàìjíríà àti Ghana ti ju 1,700 lọ, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ló sì ń darí àwọn ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 2005, Gordon Hinckley tó jẹ́ ààrẹ wọn nígbà náà ya tẹ́ḿpìlì sí mímọ́ ní Aba. Obinna, olùkọ́ tó lá àlá, ti kú kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Láti ìgbà náà wá, irú tọkọtaya àgbà bẹ́ẹ̀ kò yé wá. Wọ́n wà ní Èkó, wọ́n wà ní Ìbàdàn níbi tí ẹ̀ka iṣẹ́ ìránṣẹ́ wọn kan fi ṣe ibùdó. Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà wà nínú tọkọtaya tí ń jáde lọ bẹ́ẹ̀ báyìí. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Tọkọtaya tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ ti tọ́ ọmọ tán. Kò gbọdọ̀ sí ọmọ kékeré tí wọ́n ń bọ́ nílé. Owó ara wọn ni wọ́n ń ná. Wọn kì í gba owó oṣù. Kí wọ́n tó gbéra ni wọ́n ti mọ iye oṣù tí wọn yóò lò: 6, tàbí 12, tàbí 18, tàbí 23. Wọ́n a sì jọ lọ ni, ọkọ kì í lọ kó fi ìyàwó sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wọn tí ń lọ láìtíì gbéyàwó, ìjọ ni yóò yan ẹnì kejì fún wọn, méjì-méjì ni wọ́n ń rìn. Ti àwọn àgbà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí o fẹ́ ní 40 ọdún sẹ́yìn, òun ni ẹnì kejì rẹ.

Ẹ wá wo ohun tó mú kí Kérésìmesì wọn lẹ́yìn odi má jẹ́ ìyà. Wọ́n sọ fún àwọn ará ilé kí wọ́n tó lọ. Kò sẹ́ni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń retí wọn lásán. Wọ́n mọ ọjọ́ tí wọn yóò padà. Kò sí ohun tí wọ́n ń sá fún nílé. Nígbà tí ọdún sì dé, àwọn èèyàn wà níwájú wọn tí wọ́n lè ṣe ọdún fún. Ẹni tó ń wá ọ̀nà bí ọmọ aláìsàn tó wà ládùúgbò yóò ṣe rí oògùn lọ́jọ́ Kérésìmesì kì í ráyè ka iye ohun tí kò sí nínú abọ́ tirẹ̀.

Kí ẹ má baà sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn Mọ́mọ́nì nìkan ni mo mọ̀, irú rẹ̀ ti wà nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́. Ní ọdún 1853 ni David Hinderer, oníṣẹ́ ìránṣẹ́ ọmọ Jámánì, mú Anna ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì dé Ìbàdàn. Kúdẹtì ni wọ́n kọ́lé sí. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860, ọ̀nà Èkó dí, oúnjẹ àti owó wọn tán, àárẹ̀ ń mú wọn léraléra, àwọn ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n gbà tọ́ sì wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n ní láti bọ́. Wọn kò bí ọmọ tiwọn. Kérésìmesì ń dé, ó ń lọ, ogun kò parí. Wọn kò fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá títí di ọdún 1869, nígbà tí ara Anna kò gbé e mọ́, ọdún tó tẹ̀ lé e ló sì kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé tí wọ́n kó jọ láti inú àkọsílẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ wà títí di òní, ọdún 17 ní ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n sọ ọ́. Ohun tó ń wú mi lórí nínú ìtàn yẹn ni pé ọkọ àti ìyàwó náà wà papọ̀ nínú ebi, wọ́n wà papọ̀ nínú ibà.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtigbé e, ẹ dúró díẹ̀ síbí. Mo ń wo àwọn ojúgbà mi ní ìlú yìí, ọkàn mi sì ń gbọgbẹ́. Ìyá á pé 60 ọdún, ọmọ rẹ̀ l'Ékòó á bímọ, ìyá á di ẹrù rẹ̀, ó di Èkó. Ó ní òun ń lọ tọ́jú ọmọ tuntun. Oṣù mẹ́ta á di ọdún kan, ọdún kan á di márùn-ún, ó ń ti ilé ọmọ kan bọ́ sí ilé òmíràn. Baba á kù sílé, òun àti rédíò. Bí ẹ bá wọlé sí i nírọ̀lẹ́, ẹ ó bá a tó fi omi tútù rẹ gààrí, tó ń fi ẹ̀pà jẹ ẹ́ nínú òkùnkùn, kò tilẹ̀ tan iná. Kì í ṣe pé ìjà wà láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ nìkan ni wọ́n jọ ń sọ látọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra: owó ilé-ìwé ọmọ, aṣọ ọmọ, ìwà ọmọ. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ tán, ọ̀rọ̀ tán. Mo mọ tọkọtaya tó lọ́wọ́, tó níyì, tí kò lè jókòó nínú yàrá kan fún wákàtí méjì kí wọ́n rí ohun bára wọn sọ.

Ẹ fi èyí wé ti baba ẹni 70 ọdún tó mú ìyàwó rẹ̀ dání lọ sí ìlú tí wọn kò gbọ́ èdè wọn, tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ṣú, kò sí ẹlòmíràn tí wọn yóò bá sọ̀rọ̀ ju ara wọn lọ. Irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ ogbó. Ìgbà tí ẹ wà lọ́dọ̀ọ́ ni ẹ ó ti kọ́ ọ. Ẹ máa bá ìyàwó yín sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti owó. Ẹ jọ máa lọ sí oko tàbí ibi iṣẹ́ ara yín, kí ẹ mọ ohun tí ẹnì kejì yín ń fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe. Ìyàwó ilé, bí ọmọ rẹ bá bímọ, lọ wò ó, wẹ ọmọ fún un, ṣùgbọ́n padà sílé, tàbí kí o mú ọkọ rẹ dání. Ọmọ tó mú ìyá rẹ̀ lọ tó fi baba rẹ̀ sílẹ̀ sínú òkùnkùn yẹn, kò ṣe dáadáa, ìwọ náà tó gbà fún un kò ṣe dáadáa.

Mo padà sórí ọ̀rọ̀ ìtìjú. Ìyá kan wà ní agboolé tó kángun sí tiwa. Lọ́dọọdún, tí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, á so àkùkọ kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ní ọdún tó kọjá, ọmọ náà pè é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24, ó ní àwọn ọ̀gá òun ò fún òun láyè. Ìyá dákẹ́ díẹ̀, ó ní kó kú iṣẹ́. Ó tú okùn lẹ́sẹ̀ àkùkọ náà, ó jẹ́ kó máa lọ. Ẹ̀yìn ọdún ni a wá gbọ́ pé kò sí ọ̀gá kankan. Ọjà ló ti wó lé ọmọ náà lórí láti oṣù Kẹjọ, ó sì ti ta ọkọ̀ rẹ̀. Inú yàrá rẹ̀ n'Íbàdàn ló wà lọ́jọ́ Kérésìmesì, tó ti ilẹ̀kùn. Kò lè wá sílé nítorí ọkọ̀ ló gbé wá lọ́dún tó ṣáájú, gbogbo ìlú ló sì rí i.

Ta ló kọ́ ọ pé ọkọ̀ ni ìyá rẹ ń retí? Àwa àgbà ni, mo sì gbà á. Àwa ni a jókòó sójúde tí a ń ka irú ọkọ̀ tó wọlé, tí a ń pe ẹni tó kó àpò ìrẹsì dé ní ọmọ gidi, tí a kì í bèèrè bí ó ṣe rí i. Ẹ̀bi tiwa wà níbẹ̀, ẹ sì lè sọ ọ́ sí wa lójú tí ẹ bá dé. Ṣùgbọ́n ẹ dé ná. Láti Ìbàdàn, ẹ ó wọ ọkọ̀ Ṣakí, ẹ ó sì rí ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà tí yóò gbé yín dé ọ̀dọ̀ wa. Bí owó ọkọ̀ kò bá sí, ẹ pe ẹnì kan nínú agboolé, kí a fi ránṣẹ́. Kò sí ìyá kan ní Ògbòòró tí yóò yan àpò ìrẹsì dípò ọmọ rẹ̀.

Ti ẹ̀yin tí iṣẹ́ dá dúró lóòótọ́ yàtọ̀. Nọ́ọ̀sì ló wà nínú yín, sójà ló wà, awakọ̀ ló wà, àwọn tó ń ṣọ́ ilé olówó l'Ékòó ló wà, ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú òyìnbó tí ìwé yín kò tíì pé ló wà. Mi ò ní kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má sunkún ti ara yín ní ọjọ́ yẹn. Wo ẹni tó wà ní yàrá kejì sí ọ. Ó lè jẹ́ Hausa, ó lè jẹ́ ará Philippines, kò sí ìyàtọ̀. Se oúnjẹ tó lè tó méjì, kó o kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kó o sì pe ilé. Títí di oṣù Kejì ọdún 2019, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni wọ́n ń jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ìránṣẹ́ Mọ́mọ́nì pe ilé: ọjọ́ Kérésìmesì àti ọjọ́ àwọn ìyá. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n tó yọ̀ọ̀da rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ ronú nípa ọmọ ọdún 19 tó ti ń ka ọjọ́ kó lè gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ tiyín láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ máa lò ó fún ẹni tó bí yín.

Ọ̀rọ̀ tó kù jẹ́ ti àwa tí a wà nílé, èyí sì ni ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ jù nínú mi, nítorí mo ti wà nípò àlejò rí.

Tamale ni wọ́n bí mi sí, ní àríwá Ghana. Bàbá mi ń tajà níbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ará Òkè-Ògùn ṣe ń ṣe nígbà náà. Àwọn ará Ṣakí, ará Ìgbòho, ará Ìgbẹ́tì àti ará Ògbómọ̀ṣọ́ kún ọjà náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún. Bàbá mi ta ọjà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ẹ̀dínwó fún ẹni tó fẹ́, ó fi ìyókù sílẹ̀. Ìyá mi di abọ́ tánganran rẹ̀ sínú ìró, abọ́ náà sì fọ́ ẹnu lójú ọ̀nà. (Ìjọba tiwa náà ṣe irú rẹ̀ sí àwọn ará Ghana ní oṣù Kìíní ọdún 1983. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìtàn tèmi bú wọn.)

Báyìí ni Kérésìmesì ọdún 1969 ṣe bá wa ní Ògbòòró. A wà nílé, síbẹ̀ àlejò ni wá. Àwọn ọmọ agboolé ń pè wá ní ọmọ Ghana. Èdè Dàgòńbà ló rọ̀ mí lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Kò sí ìkòkò tí ìyá mi lè fi se nǹkan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbájú mọ́lẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni obìnrin Mùsùlùmí kan láti ìdojúkọ wa gbé igbá ọkà wá, gbẹ̀gìrì wà nínú àwo kan, ẹsẹ̀ ẹtù wà nínú òmíràn. Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, Kérésìmesì kì í ṣe ọdún rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ti ìyá mi. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó jókòó títí ìyá mi fi bu òkèlè àkọ́kọ́, ó jókòó títí ìyá mi fi jẹ ẹ́ tán. Ìyá mi sọ̀rọ̀ ọkà yẹn títí tó fi kú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà nílé, ẹ yí ojú yín ká ìlú yìí tí Kérésìmesì bá ń bọ̀. Àgùnbánirọ̀ wà ní ilé-ìwé wa, tí òbí rẹ̀ wà ní Calabar. Nọ́ọ̀sì wà ní ilé ìwòsàn tí wọn kò yọ̀ǹda rẹ̀. Àwọn alágbàṣe láti Benue àti láti ilẹ̀ Benin wà nínú ahéré lóko, àwọn tó kọ ebè tí ẹ ti wu iṣu tí ẹ ń jẹ. Ẹ má gbé oúnjẹ lé wọn lọ́wọ́ kí ẹ sì máa lọ. Ẹ pè wọ́n wọlé, kí ẹ jọ jẹun, kí ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé tiwọn. Bí ẹ bá sì gbọ́ pé tọkọtaya àgbà kan láti ilẹ̀ òkèèrè wà ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn nítorí iṣẹ́ Ọlọ́run, ìjọ yòówù kí wọ́n ti wá, ẹ lọ kí wọn. Àgbà ni wọ́n, ọmọ wọn kò sì sí nítòsí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ má jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24. Ẹ pe ilé lónìí. Bí ẹ ó bá wá, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ó wọlé. Bí ẹ kò bá ní wá, ẹ sọ ìdí rẹ̀ gan-an, kí ẹ sì sọ ìgbà tí a ó rí yín.